Ilà Ojú Yèyé

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, Wúrà jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Alékúwódò, ní Òṣogbo, ó ń ya ara rẹ̀ ní fótò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kun ojú àwọn ìyàwó tuntun, ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ ló fẹ́ràn jù láti máa wò. Fóònù ń dún, ó sì ń ba fótò jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ló bá pa á. Ó tún dún, ó tún pa á. Nígbà tó wá gbé e, ohùn Bàbá Fáṣínà, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló gbọ́ láti Ìbòkun.

"Wúrà, Yèyé ti sùn o."

Ìyá ìyá rẹ̀ ni Yèyé. Òun ló tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Wúrà sunkún, ó sunkún gidi. Ṣùgbọ́n kí omijé tó gbẹ, ó gbé fóònù sókè, ó wo bí omijé náà ṣe rí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ó yẹ òun, ó sì yà á. Kó tó dé Ìbòkun, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí i lórí ayélujára. "Pẹ̀lẹ́, arẹwà," ni wọ́n ń kọ sí i.

Nígbà tí ẹbí pé jọ, wọ́n ń wá fótò tí wọn yóò fi ṣe pósítà ìsìnkú. Fótò kan ṣoṣo tí Yèyé ní ni ti káàdì ìdìbò.

"Èyí kẹ̀?" Bàbá Fáṣínà wí. "Ó dà bí ẹni tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Wúrà, ìwọ tó ń ya fótò bí ẹni ń mumi, o ò ní ti Yèyé ni?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi," Wúrà dáhùn níwájú gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n nígbà tó wá a nínú fóònù rẹ̀, kò rí ojú Yèyé níbì kankan. Ojú tirẹ̀ ló wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Yèyé ti bẹ̀ ẹ́ rí pé, "Ya èmi náà, kí n rí bí mo ṣe rí." Èsì tó fún un ni pé, "Ẹ jẹ́ kí n parí tèmi ná, Yèyé." Kò parí rẹ̀ títí Yèyé fi lọ.

Ojú tì í láti sọ fún ẹbí. Gbogbo ènìyàn ló sì máa ń sọ pé òun àti Yèyé jọra bí ìbejì. Nígbà tó padà sí Òṣogbo, ó wé gèlè Yèyé, ó ya ara rẹ̀, ó sì fi ohun kan tó wà lórí fóònù sọ ojú ọ̀dọ́ náà di ojú arúgbó.

Ìyìnolúwa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yọjú wò ó.

"Wúrà, ojú ta nìyí?"

"Ojú Yèyé."

"Irọ́ lo pa. Ojú rẹ ni."

"Ṣé kò jọ ọ́ ni?"

"Ọ̀rẹ́ mi, òkú tí wọ́n fẹ́ sin, o tún gba àyè mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣé o ò rí ibi tí ìfẹ́ ara rẹ ń gbé ọ lọ ni? Jésù lè..."

"Pásítọ̀ Ìyìn!" Wúrà pàtẹ́wọ́ ẹ̀sín. "Ẹ tètè gbé igbá ọrẹ jáde! Ojú mi ni, Ọlọ́run ló fún mi. Ẹni tí kò bá fẹ́ wò ó, kó di ojú tirẹ̀."

"Màá máa gbàdúrà fún ọ."

"Gbà á níwájú ṣọ́ọ̀bù tìrẹ."

Bàbá Fáṣínà kò fura sí fótò náà. Ó ní fóònù ayé òde òní ló fọ ojú Yèyé mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ pósítà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, Màmá Julianah dé. Òun àti Yèyé ni wọ́n jọ dàgbà ní Ìbòkun, tí wọ́n sì jọ lọ sí ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ níwájú pósítà, ó wò ó pẹ́.

"Ta ló kú níbí?"

"Yèyé Ìbídùn ni, Màmá," Wúrà dá a lóhùn.

"Ìbídùn kọ́ nìyí. Ilà ojú rẹ̀ dà? Ta ló kó o lọ?"

Àwọn tó wà nítòsí sún mọ́ pósítà náà. Pélé wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Yèyé méjèèjì, bíi ti ọ̀pọ̀ àgbà Ìjẹ̀ṣà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Wúrà kò ní ilà kankan, kò sì rántí ilà nígbà tó ń ṣe fótò náà.

Síbẹ̀, kò gbà. Ó gbójú sókè. "Màmá, ayé ti kọjá ilà. Mo tún ojú Yèyé ṣe ni."

"O tún un ṣe!" Màmá Julianah mi orí. "Ìyá rẹ̀ sọ fún wa pé nígbà tí olóólà ń kọ ọ́, ṣe ló ń jà, ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi gùn ju ìyókù lọ. Ó máa ń fi yangàn láàárín wa. Ìwọ tí o tún un ṣe, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo ni èyí tó gùn yẹn wà?"

Wúrà gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó tún gbé e lé ti òsì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti fi tirẹ̀ tì sùn nígbà èwe, ojú tó ń jí rí láràárọ̀, kò mọ̀ ọ́n.

Ó sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó tún ṣí fóònù. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wo àárín fótò mọ́, ẹ̀gbẹ́ ló ń wò. Nínú àwọn tó yà ní yàrá Yèyé nígbà tí kò síná, ọwọ́ kan wà ní ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ arúgbó tó ti hunjọ, ó di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó ṣí òmíràn, ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Ó tún ṣí òmíràn. Yèyé ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i lójú ní gbogbo àkókò yẹn, kò sì rí i.

Ibẹ̀ ni Ìyìnolúwa, tó wá láti Òṣogbo fún ìsìnkú náà, bá a. Kò sọ pé, "Ṣebí mo sọ fún ọ."

"Ìyìn, irú ènìyàn wo ni mí?"

"Ẹlẹ́ṣẹ̀, bíi tèmi." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í. "Nígbà tí Jésù jíǹde, ó lè pa àpá ìṣó ọwọ́ rẹ̀ rẹ́. Kò pa á rẹ́. Ó fi í han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti sá fi í sílẹ̀. Nítorí rẹ ló ṣe gba àpá yẹn, Wúrà. O ò lè tún ojú ṣe kó fẹ́ràn rẹ ju báyìí lọ. Kò sì sí ohun tí o ṣe sí Yèyé tí ẹ̀jẹ̀ Jésù kò lè wẹ̀."

Wúrà dojú bolẹ̀ nínú eruku, pẹ̀lú gbogbo àtíkè ojú rẹ̀. "Jésù, ara mi ni mo fi ṣe ọlọ́run. Ṣàánú mi. Gbà mí." Àdúrà náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó dìde, kò nu eruku náà. Ó lọ tààrà síbi ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn pósítà náà ya.

"Ṣé orí rẹ dàrú ni?" Bàbá Fáṣínà pariwo. "Àlejò ń wọlé! O fẹ́ dójú tì wá?"

"Ojú mi ló wà níbẹ̀, Bàbá, kì í ṣe ti Yèyé. Mo parọ́ fún yín, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ẹ fi ojú mi sin ín."

Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn gbé fóònù sókè láti yà á. Ó jẹ́ kí wọ́n yà á bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú eruku, pẹ̀lú ikun imú, títí tó fi fa pósítà tó kẹ́yìn ya lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kọ òtítọ́ náà sórí ayélujára pẹ̀lú. "Wúrà ti ya wèrè," ni ẹnìkan kọ. Ó dá a lóhùn pé, "Ìgbà tí mo fi ojú mi ṣe ti Yèyé ni mo ya wèrè. Orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ni."

Ní ọjọ́ kejì, fótò káàdì ìdìbò ni wọ́n gbé sórí pósí. Ó kéré púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí Yèyé ní láti tẹrí ba. Wúrà tẹrí ba, ó sì rí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni ilà tó gùn náà wà.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, bóyá orí fóònù tí o fi ń ya ara rẹ gan-an lo ti ń kà á. N kò sọ pé fótò ni ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí mo ń bi ọ́ ni pé, ta lo ti tì kúrò kí àyè lè gba ìwọ nìkan? Ta ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ tí o kò rí? Ọlọ́run ń mú oòrùn ràn sí ọ lójú láràárọ̀. Ìgbà wo lo gbójú sókè wo Ọlọ́run kẹ́yìn? Àwọn tó ń yìn ọ́ kò lè kú fún ọ, wọn kò sì ní dúró tì ọ́ ní ọjọ́ ìdájọ́. Jésù ti kú fún ọ. Wọn yóò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ bí o bá tọ̀ ọ́ lọ. Jẹ́ kí wọ́n ṣe é! Má bẹ̀ wọ́n, má sì sá fún wọn. Gbé fóònù kalẹ̀ báyìí, kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o ké pè é lónìí. Má sọ pé kó jẹ́ kí o parí tìrẹ ná. Kò ní parí láé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó pé ọdún kan tí Yèyé lọ, Wúrà àti Ìyìnolúwa wọ yàrá Màmá Julianah. Kò síná.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, Màmá."

"Eyín wo ni mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ yìí?"

Wúrà gbé fóònù rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ìyìnolúwa ló sì ya fótò náà. Ó wà lára ògiri Màmá Julianah títí di òní, gbogbo ilà ojú rẹ̀ hàn kedere. Wúrà kò sí nínú rẹ̀, àfi ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, tó di tọ́ọ̀ṣì Yèyé mú.