Òkè Kì í Sá Lọ

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Ìyá Aránṣọ so okùn bàtà rẹ̀ le dáadáa, ó sì dágbére fún ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń jókòó sídìí maṣíìnì ló ti ń wo òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Nígbà tó wá ku díẹ̀ kó pé ọgọ́ta ọdún, ó ní òun yóò gùn ún dé orí kí ọjọ́ ìbí òun tó kò. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń lọ, tó ń ga sí i díẹ̀díẹ̀.

"Bí o bá débẹ̀, bá mi kí àwọsánmà," ni ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, wí.

"Mi ò jíṣẹ́ fún ọ̀lẹ lónìí," ló fèsì tẹ̀ríntẹ̀rín.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láìtíì dé orí òkè, òkúta kan yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ́. Ó tiro délé. Ẹsẹ̀ ti wú gùdùgbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kí àwọn lọ sílé ìwòsàn, ó kọ̀.

"Ó rọ́ lásán ni. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá."

Ó fi aṣọ dì í, ó ń gbé oògùn ìrora mì. Nígbà tí Sátidé mìíràn pé, bí ọkọ rẹ̀ ṣe wọ ilé ìwẹ̀ báyìí, ìyàwó yọ́ jáde, ó tún kọrí sí òkè. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ẹsẹ̀ fi kọ̀ jálẹ̀. Àwọn tó ń ṣeré ìdárayá ló gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Nílé ìwòsàn, dókítà fi àwòrán egungun han òun àti ọkọ rẹ̀. "Mà, egungun yìí ti sán láti ọjọ́ tí ẹ ti ṣubú. Ká ní ẹ tètè wá ni, bóyá a ó kàn dì í pa. Ní báyìí ó ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, a máa ṣiṣẹ́ abẹ, ká fi irin tò ó."

"Ṣebí mo ṣì ń rìn? Mo rò pé ẹni tí egungun rẹ̀ sán ò lè rìn."

"Ẹlòmíràn máa ń rìn. Bí ẹsẹ̀ bá wú, tí títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bá nira, tàbí tí egungun ibẹ̀ ń dùn yín tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ wá kí a yà á wò. Oògùn ìrora kàn ń pa ìrora lẹ́nu mọ́ ni, kì í to egungun."

Orí ìrọ̀rí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wà lọ́jọ́ tó pé ọgọ́ta ọdún. Ó ń sunkún. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í.

"Òkè kì í sá lọ, ìyàwó mi."

"Èmi ni mò ń darúgbó."

"Àbí èmi ń di ọmọ ọwọ́ ni?" Ó nu ojú rẹ̀ fún un. "Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ dé, mi ò rántí òkè kankan. Ìwọ ni mo rò."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gba kámú. Ó ṣe gbogbo eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwòsàn, kò kánjú.

Lọ́dún kejì, òun àti ọkọ rẹ̀ jọ gun òkè náà. Bí wọ́n ti kọjá ìdajì, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó gbójú wo orí òkè títí, ó mí kanlẹ̀, ó wá di apá ọkọ rẹ̀ mú.

"Ó tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká máa sọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ara bá ké, ẹ dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera wò ó kí ẹ tó tún tẹ ẹsẹ̀ tó ń dùn mọ́lẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kéèyàn sún ohun tó ń lé síwájú. Ohun tí à ń lé lè dúró dè wá. Egungun tó sán kì í dúró.