Iyọ̀ Kì í Jóná

"Ta ló ń se oúnjẹ fún bàbá?"

Nọ́ọ̀sì ló bèèrè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú aṣọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò lápá ọkọ mi ni. Ó ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ kò sì dùn. Àdìjátù, àbúrò ọkọ mi, yíjú sí mi. Gàníátù, ọmọ ọmọ mi tó sìn wá wá, wolẹ̀.

Mo ní èmi ni. Nọ́ọ̀sì ní ṣé mo ṣì ń fi iyọ̀ sí i. Mo ní ó ti di ọdún méjì tí iyọ̀ ti kan ọbẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbà mí gbọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ bàbá ti ga ju ti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá lọ, pé tí kò bá rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àrùn rọpárọsẹ̀ lè dá a dùbúlẹ̀.

A ò tíì jáde ní ọgbà ọsibítù tí Àdìjátù fi sọ tirẹ̀. Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, nítorí náà ìyàwó ló ń pè mí, bí mo tilẹ̀ fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Ọkọ mi lèmi náà ń pè é.

"Ìyàwó," ó ní, "o fi ogójì ọdún ta iyọ̀. Ṣé ọwọ́ rẹ lè gbàgbé iyọ̀?"

"Ọkọ mi, ọwọ́ mi ò gbàgbé. Ojú mi ni kò tíì rí ẹni tó ń fi í sí i."

Òótọ́ ni pé iyọ̀ ni mo tà. Èbúté Èrò ni mo ti tà á, láti ìgbà tí wọ́n ti ń já àpò rẹ̀ sílẹ̀ létí omi. Mi ò kàwé. Nọ́ńbà ni mo mọ̀, àti orúkọ mi. Ṣùgbọ́n ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ kọ́ mi bí a ṣe ń mú oníyọ̀ èké, torí pé nígbà náà àwọn kan máa ń po ẹ̀lúbọ́ funfun mọ́ iyọ̀. Ó ní bí mo bá fẹ́ mọ iye iyọ̀ tó wà nínú nǹkan, kí n dáná sí i. Ohun tó lè jóná á jóná. Kí n fi omi fọ eérú rẹ̀, kí n sẹ́ ẹ, kí n gbé omi náà kaná títí yóò fi gbẹ. Iyọ̀ nìkan ni yóò kù. Iyọ̀ kì í jóná.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìfura ti wọ ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí ìjọba kó lọ sí Àbújá ni. Mo fura sí Àdìjátù, tó máa ń gbé oúnjẹ wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo fura sí ẹni tó ń bá mi lọ ata. Mo ti iyọ̀ ilé mọ́ inú àpótí, mo so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí ìró mi. Síbẹ̀ orí ń fọ́ ọkọ mi, Bàbá Túnjí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó sì ń mu omi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin mo ń fọṣọ, mo rí áńkáṣíìfù rẹ̀. Ó pọ́n bí èyí tí wọ́n fi nu ata, ó ń rùn fún èéfín. Mo bi í. Ó ní èéfín àdúgbò ni. Èéfín àdúgbò wo ló ń di ọ̀rá sára aṣọ?

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, bó ṣe kírun Alásàrí tán, mo tẹ̀ lé e. Kò kọjú sílé. Ó gba ọ̀nà tóóró kan wọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ó yà sọ́dọ̀ Mọ̀núrù. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Mọ̀núrù. Ó la dúrọ́ọ̀mù sí méjì, ó kó èédú sí ààbọ̀ rẹ̀, ó ń yan apá adìyẹ inú yìnyín lórí wáyà. Ìyẹ̀fun pupa kan tó ń bù láti inú agolo ńlá ló ń wọ́n sí i. Bábíkiù ni wọ́n ń pe ìyẹ̀fun náà. Àwọn ọmọ iléèwé rọ̀gbà yí i ká. Láàárín wọn, lórí bẹ́ǹṣì, ọkọ mi, Àáfà Lùkúmọ̀n, tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní kéwú, ń rún egungun kẹta.

"Bàbá Túnjí."

Kò tilẹ̀ tijú. Ó fi egungun tọ́ka sí pátákó tó wà lára ògiri.

"Àṣàbí, ka ohun tó wà níbẹ̀ yẹn."

"Ẹ mọ̀ pé mi ò lè kà á."

"Èmi á kà á fún ọ. 'Apá adìyẹ bábíkiù. Ó ń fún ara lókun. Kò níyọ̀, kò lọ́ràá. Àgbà lè jẹ ẹ́.' Ṣó o mọ ẹni tó kọ ọ́? Gàníátù wa ni. Ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ níléèwé. Ọdún méjì ni mo fi jẹ ọbẹ̀ bí omi ìfọwọ́. Ọmọ wa wá kọ ọ́ pé èyí dára, kí n má jẹ ẹ́?"

Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ fún mi. Ó ní òun mọ̀ pé rárá ni màá ní.

Mọ̀núrù rẹ́rìn-ín, ó na apá adìyẹ kan sí mi. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ta iyọ̀. Ẹ tọ́ ọ wò. Bí ẹ bá gbọ́ iyọ̀ níbẹ̀, ẹ da èédú sí mi lórí."

Mo tọ́ ọ wò. Ó dùn, mi ò níí purọ́. Adùn ló kọ́kọ́ bá ahọ́n mi, ata tẹ̀ lé e, èéfín sì kẹ́yìn. Mi ò gbọ́ iyọ̀. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n kí n tó délé, ọ̀fun mi ti gbẹ, mo sì mu omi ife mẹ́ta. Ahọ́n mi gbà, ọ̀fun mi ò gbà. Ohun mìíràn tún wà. Wọ́n ti bó ìwé ara agolo yẹn. Mo pẹ́ lọ́jà: ẹni tó bó ìwé ara ọjà, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló ń bá a jà. Mo ti fẹ̀tàn gba ìyẹ̀fun náà lọ́wọ́ Mọ̀núrù, pé mo fẹ́ fi dán ọbẹ̀ wò. Ṣíbí mẹ́ta ló bù sínú ìwé ìròyìn fún mi.

Nígbà tí Gàníátù ti iléèwé dé lọ́jọ́ kejì, mo jókòó sídìí ààrò. Mo bi í bóyá iyọ̀ wà nínú ìyẹ̀fun Mọ̀núrù.

"Kò sí, Ìyá àgbà." Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò.

"Ó dáa. Jókòó tì mí."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ kàwé."

Mo da ìyẹ̀fun sínú agbada, mo koná mọ́ ọn. Ṣúgà inú rẹ̀ yọ́, ó hó, ó dúdú. Ata tó wà níbẹ̀ lé àwa méjèèjì síta, a ń wúkọ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ deérú tán, mo fi omi fọ̀ ọ́, mo fi àkísà gèlè mi sẹ́ ẹ, mo gbé omi náà kaná. Omi ń fà, Gàníátù ń wò ó. Funfun bẹ̀rẹ̀ sí hàn létí agbada, ó sì kún ìdí rẹ̀. Mo ha á. Nínú ṣíbí mẹ́ta, iyọ̀ kún ṣíbí kan, ó tún ṣẹ́kù. Mo dà á sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Tọ́ ọ wò."

Kò tọ́ ọ. Ẹkún ló bú sí. Ó lọ síbi báàgì rẹ̀, ó yọ ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Ìwé ara agolo tí Mọ̀núrù bó sọnù ni. Ó kà á fún mi: iyọ̀ ló wà lókè, ṣúgà tẹ̀ lé e, ata wá kẹ́yìn. Ó ní tíṣà àwọn sọ pé ohun tó bá pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ, pé ṣúgà máa ń bo iyọ̀ lẹ́nu, pé ẹran tó ń fún ara lókun kò tó nǹkan nínú apá adìyẹ, awọ ọlọ́ràá ló pọ̀ jù. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò àṣekágbá wọn ń bọ̀, oníkálukú ló máa gbé ohun tó máa sè wá. Mọ̀núrù ní tó bá kọ ohun tí òun bá pè sára pátákó yẹn, òun á fún un ní adìyẹ, bọ́tà àti ẹyin.

"Mi ò mọ̀ pé Bàbá àgbà ń jẹ níbẹ̀," ó ní. "Àwọn ọmọ iléèwé ni mo rò pé ó máa jẹ ẹ́."

"Ṣé àwọn ọmọ iléèwé ò ní bàbá àgbà ni? Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì bèèrè ẹni tó ń se oúnjẹ ńkọ́?"

Ó ká ìwé náà padà. "Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí fura."

"O fura, o sì jẹ́ kí wọ́n máa wò mí."

Ó nu ojú rẹ̀, ó mú àkísà tútù, ó ní òun ń lọ pa pátákó náà rẹ́. Mo tẹ̀ lé e. A ò tíì dé ibẹ̀ tí a fi gbọ́ ariwo. Bàbá Túnjí wà lórí bẹ́ǹṣì. Apá adìyẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fẹ́ he é, ọwọ́ náà ò gbọ́. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò ní ọsibítù. Ọlọ́run gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún, tó fi ń kọ wàláà fún àwọn ọmọ kéwú, kò padà. Lọ́jọ́ tí a délé, Àdìjátù wá. Ó ṣí ìkòkò mi, ó bu ọbẹ̀ aláìníyọ̀, ó jẹ ẹ́ títí dé ìsàlẹ̀ àwo. Ó wá ní, "Ìyàwó, ẹ má bínú." Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, kò fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀ rí.

Gàníátù pa pátákó rẹ́ lóòótọ́, ó sì kọ ohun tó wà lára agolo síbẹ̀. Mọ̀núrù yọ pátákó náà lọ́jọ́ náà gan-an, kò fún un ní adìyẹ, kò fún un ní ẹyin. Ó kó dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ sí àdúgbò mìíràn. Bóyá ó ṣì ń yan án títí dòní, mi ò mọ̀. Ẹ̀wà àti ẹja tútù tí mo rà ni ọmọ náà gbé lọ sídìí ìdánwò. Ó fi àlùbọ́sà, ata àti efinrin sè é láìfi iyọ̀ kàn án, ó ní oúnjẹ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni òun sè. Ó yege, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ló gba ipò kìíní.

Láti ìgbà náà, òun ló ń kọ wàláà. Àáfà á pè é, òun á kọ ọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá rẹ̀ àgbà gbé ọwọ́ òsì lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ohun tó bá jẹ́ òótọ́ ni kó o máa kọ, má kọ ohun tí wọ́n bá ní kó o kọ." Omijé ọmọ náà bọ́ sórí wàláà, ó ní láti tún un kọ.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kàwé, ẹ gbọ́ tèmi. Ojú yín làwa tí kò kàwé fi ń ríran. Bí ojú bá purọ́ fún ẹsẹ̀, gbogbo ara ló ń já sí kòtò. Ẹ má fi ìmọ̀ yín ta ẹnikẹ́ni nítorí ìdánwò, torí ẹ ò mọ ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ lè fi ṣúgà bo òtítọ́, ẹ lè fi ata bò ó. Ọjọ́ iná ń bọ̀. Òtítọ́ nìkan ni yóò kù ní ìdí agbada.