Ekùrọ́ Mẹ́rin Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹní Ìkírun

"Allahu Akbar!"

Ohùn Mahfuz ló jáde bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Akínyẹlé. Bàbá rẹ̀ àgbà, Bàbá Jùbrílù, tí wọ́n dúró lórí ẹní rọ́bà, gbọ́ ohùn náà, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di orúnkún mú. Ìrun Alaásárì ni wọ́n ń kí. Wọ́n tẹ̀ dáadáa, wọ́n fara balẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé Ọba òun ń wo òun.

Ẹni tó ń ṣíwájú ìrun wá ńkọ́? Hàáà! Orí bẹ́ǹṣì ni lèmọ́mù wa jókòó sí. Ó na ẹsẹ̀ síta, ó gbá fóònù mú, ó ń gbá bọ́ọ̀lù inú rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá àárín pápá, á pe "Allahu Akbar", Bàbá á forí kanlẹ̀. Bí wọ́n bá gbá a sínú àwọ̀n rẹ̀, á pòṣé lábẹ́lẹ̀, á tún pe "Allahu Akbar" mìíràn, Bàbá á dìde. Ojú Bàbá kò ríran mọ́. Ohun tí ọmọ náà gbójú lé nìyẹn.

Kí ẹ tó máa ṣépè fún un, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀, nítorí Mahfuz kì í ṣe ọmọ burúkú.

Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni Bàbá Jùbrílù. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú díẹ̀díẹ̀, títí tí wọn kò fi mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́. Wọ́n fara mọ́ ọn. Wọ́n ní ojú ni Ọlọ́run gbà, kò gba orúnkún tí àwọn fi ń kírun. Ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn tún gbé wọn dè lójò èṣí, nígbà tí wọ́n sì dìde, iyè wọn kò dúró bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìrun, tó bá di àárín, wọn ò ní mọ̀ bóyá ràkáà kejì làwọn wà ni àbí ẹ̀kẹta. Mọ́sálásí jìnnà sí wọn, àgbàrá sì ti gbẹ́ ọ̀nà ibẹ̀ di kòtò. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni ọlọ́kadà ń gbé wọn lọ. Ìyẹn ló mú kí wọ́n pe Mahfuz ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyàndá," wọ́n wí, oríkì rẹ̀ ni wọ́n máa ń pè é, "o ti parí Kùránì nílé kéwú, ohùn rẹ sì dára. Máa ṣíwájú mi. Tí o bá tẹ̀, n ó tẹ̀. Tí o bá dìde, n ó dìde. Ìrun tó kù fún mi láyé, ọrùn rẹ ni mo gbé e kọ́ yìí o."

Inú Mahfuz dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kí irú àgbà bẹ́ẹ̀ máa tẹ̀lé e kírun! Ní oṣù àkọ́kọ́, kò fi ṣeré rárá. Ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tí á ti bu omi sí bútà fún Bàbá, tí á bá wọn ṣe àlùwàlá, tí á tẹ́ ẹní kọjú sí gábàsì. Ìyá rẹ̀, Àbíkẹ́, ọmọ Bàbá tó padà wá sílé lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, tó ń yan gàrí tà ní Moniya, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò wọ́n, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ìdánwò àṣejáde ń bọ̀, ìyá ra fóònù fún un kí ó lè máa fi ka ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá. Ó kà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ammar, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn kò jìnnà, fi géèmù bọ́ọ̀lù kan hàn án, èyí tí ẹni méjì lè jọ gbá láìjẹ́ pé wọ́n wà níbì kan náà. Ìrọ̀lẹ́ ni Ammar máa ń ráyè, kété tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, àsìkò Alaásárì gan-an.

"Jẹ́ kí n lọ bá Bàbá kírun," Mahfuz wí fún un lọ́jọ́ kan tí eré ń dùn lọ́wọ́.

"Ìwọ náà! Bàbá kò kúkú ríran," Ammar dá a lóhùn. "Alaásárì sì rèé, a kì í ké Kùránì síta níbẹ̀. Jókòó jẹ́ẹ́, kí o máa pe Allahu Akbar. Kí ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀?"

"Ọlọ́run ńkọ́?"

"Ọlọ́run mọ̀ pé ọmọ ilé ìwé ni ọ́. Wàá kí i padà tó bá yá."

Mahfuz rẹ́rìn-ín, ó ní Ammar kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dán an wò, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì. Ilẹ̀ kò là, òrùlé kò wó. Lọ́jọ́ kejì, àyà náà kò lù tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ kò jìnnà, Àílà ọjọ́ Sátidé ti bá a lọ, àlùwàlá gan-an ti dohun ìgbàgbé. Àwọn tó ní òun máa kí padà, kò kí ẹyọ kan nínú wọn. Àsùbáà tí a máa ń ké Kùránì síta, ó ń dìde kí i o, àmọ́ ẹnu lásán ló fi ń kí i, ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ Ammar.

Kò kíyè sí i pé nǹkan ti ń yí padà lára Bàbá. Wọn kò pè é ní Ìyàndá mọ́. Mahfuz, Mahfuz ni wọ́n ń pè é bí ẹni ń pe ọmọ ọlọ́mọ. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá kírun tán, wọ́n máa ń gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n á ṣàdúrà fún un. Ní báyìí, "Ó ṣeun, máa lọ" ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pe ìyá rẹ̀.

"Àbíkẹ́, bá mi ṣa ekùrọ́ mẹ́rin wá."

"Bàbá, ekùrọ́ kẹ̀? Eyín wo lẹ fẹ́ fi jẹ ẹ́?"

"Mo fẹ́ fi ṣeré ni."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó lọ ṣà á wá fún wọn. Mahfuz náà rẹ́rìn-ín tirẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé àgbà ti ń padà di ọmọdé.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Ọjọ́bọ̀ ni ti Mahfuz bọ́ sí. Ó ti jókòó "kí" Alaásárì tán lórí bẹ́ǹṣì, ó ti sáré jáde lọ bá Ammar, nígbà tó rántí pé òun gbàgbé ṣájà fóònù òun sílé. Ó yí padà. Ó gba ẹ̀yìnkùlé bọ̀, ló bá gbọ́ ohùn Bàbá.

"Allahu Akbar."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ṣebí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kí i tán ni? Ó yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bàbá nìkan ló wà lórí ẹní, wọ́n kọjú sí gábàsì, ekùrọ́ mẹ́rin sì tò sí ọwọ́ ọ̀tún wọn. Wọ́n tẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n tó dìde dúró, wọ́n fọwọ́ kan ekùrọ́ kan, wọ́n gbé e sí ọwọ́ òsì. Orúnkún wọn ń dún kó, kó. Wọ́n di ògiri mú kí wọ́n tó lè nàró. Ìgbà yẹn ló yé Mahfuz pé ràkáà ni Bàbá fi ekùrọ́ ń kà.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n parí ni adìẹ kan rìn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo ekùrọ́ níhìn-ín, ó wò ó lọ́hùn-ún, ó fi ẹnu ṣá a, ekùrọ́ kan yí gbirigbiri lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Bàbá na ọwọ́, wọn kò bá a. Wọ́n wá a káàkiri lórí ilẹ̀ títí ekùrọ́ yòókù fi dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́.

"Ẹ̀kẹta ni àbí ẹ̀kẹrin?" wọ́n bi ara wọn léèrè. "Ọlọ́run mi, n kò mọ̀ mọ́."

Wọ́n bọ́ òrùka ìka wọn, wọ́n fi dípò ekùrọ́ tó sọnù. Wọ́n tún di ògiri mú, wọ́n dìde tìnira tìnira, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrun náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mahfuz fara ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó dúró síbẹ̀ títí Bàbá fi sálámà, tí wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Ọlọ́run Ọba, bí agbára mi ṣe mọ nìyí, gbà á bẹ́ẹ̀. Ọmọ yẹn, dákun má bínú sí i. Ọmọdé ló ń ṣe é. Fi ọ̀nà hàn án kí n tó kú."

"Bàbá!" Igbe ló bọ́ lẹ́nu Mahfuz, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ dárí jì mí! Orí bẹ́ǹṣì ni mo máa ń... Bàbá, mi ò kí i!"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí o ti bẹ̀rẹ̀ ni." Bàbá fọwọ́ lu ògiri iwájú wọn. "Bí o bá kọjú sí gábàsì, ohùn rẹ á lu ògiri yìí, á padà wá bá mi. Lọ́jọ́ yẹn, ojúde ló gbà lọ. Ẹní rọ́bà yìí náà, ó máa ń ké tí ènìyàn bá forí kanlẹ̀. Tèmi nìkan ló ń ké. Ojú mi ló fọ́, ọmọ mi, etí mi kò di."

"Kí ló dé tí ẹ kò nà mí? Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún màmá mi?"

Bàbá yí ojú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá.

"Bí mo bá nà ọ́, wàá dìde dúró. Ṣùgbọ́n èmi ni wàá máa kírun fún, kì í ṣe Ọlọ́run. Àbí o rò pé èmi lò ń tàn jẹ ni? Èmi tún tèmi kí. Tìrẹ dà?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Mahfuz lọ́kàn. Amòòkùn jalè, bí ọba ayé kò rí i, tọ̀run ń wò ó. Láti ilé kéwú ló ti ń gbọ́ ọ, àfi bí ẹni pé òun kọ́ ni wọ́n ń pòwe náà fún.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlùwàlá, kí n wá ṣíwájú yín ní Mọ̀gàríbì," ó bẹ̀bẹ̀ níkẹyìn.

"Rárá. Lọ máa kí tìrẹ ná. Ìgbà tí o bá ń kí i níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí ọ, a ó tún sọ ọ́."

"Bí kò bá sí ẹni tó rí mi, báwo lẹ ṣe máa mọ̀?"

"Ìyẹn kò kàn mí," Bàbá wí, wọ́n sì ń wá òrùka wọn nílẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ìyà wà o. Ojoojúmọ́ ni Mahfuz ń wo Bàbá lórí ẹní pẹ̀lú ekùrọ́ wọn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n gbà kí ó ṣe ni kí ó máa lé adìẹ. Ó yọ géèmù kúrò lórí fóònù. Ammar pè é títí.

"O ti di ààfáà nìyẹn?" Ammar fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí wọ́n pàdé. "Ṣé kí n máa kí yín ní Àlùfáà Àgbà?"

"Máa pè mí bẹ́ẹ̀. Kò ní bà mí nínú jẹ́," Mahfuz wí, ó sì bá ọ̀nà mọ́sálásí lọ.

Kò rọrùn fún un. Ní àárọ̀ mìíràn, oorun á dùn, ara á wúwo, èṣù á ní, "Bàbá kò kúkú ní mọ̀." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ tirẹ̀ nígbà kan, ó ti fa aṣọ borí, kí ó tó rántí ìbéèrè Bàbá: tìrẹ dà? Ó dìde.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyá rẹ̀ rán an lọ sóko Bàbá kí ó fa ẹ̀gẹ́ wá. Òun nìkan ló lọ. Oòrùn mú ganrínganrín, òógùn bò ó, ebi sì ń pa á. Nígbà tó di ẹ̀gẹ́ sínú àpò tán, ó wo òjìji ara rẹ̀, ó mọ̀ pé Àílà ti tó. Ilé pè é. Kò sí ènìyàn kankan nítòsí, àfi ẹyẹ. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá létí odò, ó dúró ní poro àárín ebè méjì, ó kọjú sí gábàsì. Kò sí ẹní. Ilẹ̀ lásán ló fi iwájú orí àti imú kàn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ọkàn rẹ̀ wà níbi tí ara rẹ̀ wà. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tó bá a kò ṣe é fẹnu sọ.

Ó délé, kò sọ fún ẹnì kankan. Ó gbé ẹ̀gẹ́ fún ìyá rẹ̀, ó lọ kí Bàbá.

"Ẹ kú ilé, Bàbá."

"Kú àbọ̀. Oko kò pa ọ́ lára?" Bàbá na ọwọ́ wọn láti kí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ náà sì bà á lójú. Bàbá dúró. Ìka wọn lọ síwájú orí rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí ṣóńṣó imú rẹ̀, ó tún padà sókè. Erùpẹ̀ oko tí òógùn lẹ̀ mọ́ ọn wà níbi méjèèjì. Bàbá fi ìka fọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú tí kò ríran.

"Ìyàndá," wọ́n wí.

Mahfuz bú sẹ́kún.

"Alaásárì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Lọ bu omi sí bútà. Kí o sì kó ekùrọ́ wọ̀nyẹn fún adìẹ màmá rẹ, ó pẹ́ tó ti ń wojú wọn."

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ìrun wákàtí márùn-ún kì í ṣe ohun tí à ń kí nítorí pé bàbá wà nílé tàbí pé tíṣà ń wò. Ìwọ àti Ẹlẹ́dàá rẹ ló wà nínú rẹ̀. Bí o bá fi tan ènìyàn jẹ, onítọ̀hún lè tún tirẹ̀ kí. Ìwọ lọwọ́ rẹ á ṣófo. Ìdánwò àṣejáde dé, Mahfuz ṣe é, ó sì yege. Ìrun kò dí i lọ́wọ́ ìwé. Géèmù ló ti ń jẹ àkókò rẹ̀ látijọ́ yìí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Mahfuz ti oko dé yẹn, ó tẹ́ ẹní rọ́bà, ó dúró síwájú, Bàbá dúró lápá ọ̀tún rẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn. Ó pe "Allahu Akbar". Ohùn náà lu ògiri, ó sì padà wá bá àwọn méjèèjì.