Ẹsẹ̀ Lásán ní Párísì, Ẹsẹ̀ Lásán ní Berea

Obìnrin inú fíìmù náà bọ́ bàtà rẹ̀. Òjò ń rọ̀ wínníwínní sórí Párísì, gbogbo ìlú rí dúdú àti funfun bí fíìmù àtijọ́ ṣe máa ń rí, obìnrin yìí gbé bàtà gogoro rẹ̀ dání, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta etí odò. Nínú yàrá ńlá tí àwọn ọmọ ilé ìwé kan ti ń wò ó ní Midrand, lẹ́bàá Johannesburg, gbogbo wọn mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀," ni Fúnmi wí, ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Ẹsẹ̀ lásán! Ta ló lè ṣe irú ẹ̀ níbí? Níbí tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹwà."

"Kò sí o," ni Tẹjúmádé yára dáhùn, kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

Bàbá Fúnmi ló ni ilé náà, ọmọ Yorùbá bíi bàbá Tẹjúmádé ni, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí géètì ilé rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀. Fúnmi ló dá Ẹgbẹ́ Párísì sílẹ̀ ní ilé ìwé wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dé Párísì rí, Fúnmi gan-an kò tíì fojú kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ìlú tí Párísì inú fíìmù wọ̀nyí jẹ́ fún yín. Ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í lọ síbi iṣẹ́ ni. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń mu kọfí nínú ife tí kò ju ìdérí ìgò lọ. Bí ọkùnrin bá pàdé obìnrin lórí afárá, wọn a sunkún; bí wọn kò bá pàdé, wọn a tún sunkún. Kò sẹ́ni tó ń gbálẹ̀, síbẹ̀ ilẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó ń dáná, síbẹ̀ wọ́n yó. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń kọ́ nìyẹn, tí wọ́n ń de fìlà pẹlẹbẹ nínú oòrùn Johannesburg, tí wọ́n ń kí ara wọn ní "bọ̀n-ṣúù" bí adìyẹ tí egungun há lọ́fun.

Nígbà tí fíìmù parí, Fúnmi dìde. "Àwa náà máa ṣe fíìmù tiwa. Wọ́n máa fi hàn níbi àfihàn àwọn ọ̀dọ́ ní Newtown. Ẹnìkan máa ṣe obìnrin ẹlẹ́sẹ̀ lásán. Ẹni tí Párísì wà lára rẹ̀ la fẹ́." Ó wo gbogbo wọn yíká, ojú rẹ̀ sì dúró sára Tẹjúmádé. "Ìwọ."

Ọkàn Tẹjúmádé fò sókè. Kò tíì sí ohun tó wù ú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

"Ibo la ti máa yà á?" ni ó bi wọ́n.

Ògoolúwa, ọmọkùnrin tó ni kámẹ́rà, ló dáhùn. "Berea. Àwọn ilé àtijọ́ onífaranda irin wà níbẹ̀. Bí èèyàn ò bá ti wo ilẹ̀, Párísì ni. Sunday la máa lọ, láàárọ̀, kí taxi tó pọ̀."

Tẹjúmádé ti sọ fún wọn pé Rosebank, àdúgbò àwọn olówó, ni ilé àwọn. Ṣùgbọ́n Berea ni ilé wọn, ní àjà kẹta ilé kan tí ẹ̀rọ agbénirókè rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i. Akínwándé bàbá rẹ̀ ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe nísàlẹ̀ ilé náà, ọpọlọ pípé ọmọ náà ló sì gbé e wọ ilé ìwé àwọn olówó lọ́fẹ̀ẹ́. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Tẹjúmádé kò tilẹ̀ júwe é rárá.

"Shap," ni ó wí, bí àwọn ọmọ Johannesburg ṣe ń sọ pé ó dáa.

Ìjọ Aládùúrà ni àwọn òbí rẹ̀ ń lọ, nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n háyà. Nínú ìjọ náà, ẹni tó bá ti wọ sùtánà funfun kò gbọdọ̀ wọ bàtà mọ́. Àwọn mìíràn a máa wọ sùtánà tiwọn lẹ́nu ọ̀nà ìjọ. Akínwándé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ilé ni ó ti ń wọ̀ ọ́, a sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn gba àárín Berea kọjá, bó ṣe wù kí òtútù mú tó. Kò sì sẹ́ni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì ládùúgbò, nítorí àwọn ará ibẹ̀ náà ní ìjọ aláṣọ funfun tiwọn tí kì í wọ bàtà. "Sawubona, Baba," ni àwọn obìnrin tó ń sun àgbàdo ń kí i. Tẹjúmádé nìkan ni ojú ń tì. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń ká sùtánà tirẹ̀ sínú báàgì bí ẹni tó jí i gbé.

Ní ọjọ́ Àìkú tí wọ́n fẹ́ ya fíìmù, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ní ẹ̀kọ́ àfikún nítorí ìdánwò. Ó jáde láìjẹun.

Wọ́n gbé ẹ̀wù òjò kan wọ̀ ọ́, wọ́n so ẹ̀rọ agbóhùn kékeré mọ́ ọrùn ẹ̀wù náà, wọ́n ní kó gbé bàtà dání kó máa rìn, kó ṣojú bí ẹni tí ìfẹ́ ń pa. Ojú tí Tẹjúmádé ṣe jọ ti ẹni tí inú ń run, ìyẹn sì tẹ́ Fúnmi lọ́rùn, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣojú ní Párísì. Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí ọkùnrin aláṣọ funfun kan fi yọ láti igun òpópónà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán, agogo kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn.

"Ìyá mi!" ni ó pariwo láti òdìkejì ọ̀nà, ó ń ju ọwọ́. "Ìyá mi ò!"

Lẹ́yìn tí ìyá Akínwándé kú ni wọ́n bí Tẹjúmádé. Orúkọ tó fi ń pè é láti kékeré nìyẹn. Fúnmi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín gbé e.

"Ó ń pè ọ́ ní ìyá ẹ̀! Ọkùnrin onírùngbọ̀n! Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ o, kò tilẹ̀ ní bàtà. Tẹjú, o mọ̀ ọ́n ni?"

Ẹ ò rí i? Ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yin ẹsẹ̀ lásán Párísì ló ń yínmú sí ẹsẹ̀ lásán Berea. Bí Tẹjúmádé bá ní "Bàbá mi ni", gbólóhùn kan ni, ìtàn ì bá sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí fíìmù náà níwájú rẹ̀, ó rí orúkọ ara rẹ̀ lójú pátákó.

"Ta ló mọ̀ ọ́n?" ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Wèrè àdúgbò ni."

Taxi kan kọjá láàárín wọn, ó ń fun fèrè kíkan. Nígbà tó kọjá tán, Akínwándé ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé ọmọ náà kò gbọ́ òun ni. Ó juwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Tẹjúmádé délé, bàbá rẹ̀ ń dúró dè é.

"Mo rí yín láàárọ̀," ni ó wí. "Fíìmù lẹ ń yà! Kí ló dé tí o fi parọ́ ẹ̀kọ́ fún ìyá rẹ? Ìyẹn kò dára. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ, n kò fẹ́ dí yín lọ́wọ́. Níbo ni wọ́n ti máa fi hàn?"

"Newtown, sà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan gidi, Dádì. Ẹ má ṣèyọnu."

"Ọmọ mi máa yọ lójú pátákó, o ní kì í ṣe nǹkan gidi? Èmi àti àwọn ará ìjọ máa wá."

Ní ọ̀sẹ̀ náà, Ògoolúwa sọ fún un nílé ìwé pé àwọn kò gé wèrè yẹn kúrò. "Òun ló pa wá lẹ́rìn-ín jù, eish! Gbogbo ohùn ló wọlé kedere."

Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ojoojúmọ́ ni Tẹjúmádé ń rí Fúnmi, ojoojúmọ́ ló sì ń la ẹnu láti sọ ọ́, tí ẹnu a tún padà dé. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé ará Berea ni. Wọ́n lè gba ipò rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá kámẹ́rà á bàjẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá fíríìjì ẹnìkan á kú lọ́jọ́ náà, tí wọ́n á ránṣẹ́ pe bàbá òun.

Fíríìjì kankan kò kú. Akínwándé dé Newtown pẹ̀lú ìyá Tẹjúmádé àti àwọn ará ìjọ, wọ́n gba ìlà ìjókòó kan gbọọrọ. Bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù ún ní pólíṣì.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn yán. Wọ́n rí ọmọbìnrin kan tó gbé bàtà dání tó ń rìn lọ rìn bọ̀ bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù, wọ́n sì tún yán. Lẹ́yìn náà ni aláṣọ funfun yọ. "Ìyá mi!" Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, Akínwándé sì ni ẹ̀rín rẹ̀ le jù. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ta ìyàwó rẹ̀. "Èmi rè é o! Wọ́n fi èmi náà sí i!"

Ohùn Tẹjúmádé wá jáde, ó mọ́ gaara bí agogo ìjọ: "Ta ló mọ̀ ọ́n? Wèrè àdúgbò ni."

Ẹyin lohùn. Gbọ̀ngàn tún rẹ́rìn-ín ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀rín Akínwándé ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí yóò gbà mọ́. Ó kàn wà níbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Àwọn ará ìjọ sorí kọ́. Kò dìde. Ó wo fíìmù náà tán, ó pàtẹ́wọ́ díẹ̀, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì jáde pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀.

Fúnmi bá Tẹjúmádé níbi tó ti ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà. "Wọ́n ní bàbá ẹ nìyẹn. Bàbá ẹ gan-an lo pè ní wèrè?"

"Fúnmi, ṣebí ìwọ náà rẹ́rìn-ín..."

"Mo lè fi bàbá ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín. N ò jẹ́ fi tèmi." Ó yínmú, ó tún fìlà pẹlẹbẹ rẹ̀ ṣe, ó sì lọ bá àwọn tó kù.

Ẹni tí yóò yá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹni tí Tẹjúmádé torí rẹ̀ sẹ́ bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kẹ́gàn rẹ̀ pé ó sẹ́ bàbá. Wọn kò sì pè é sí Midrand mọ́.

Nílé, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Ìyá rẹ̀ bá a wí títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá rẹ̀ kàn ní, "Dìde, lọ sùn," kò sì fi "Ìyá mi" kún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, Akínwándé wọ sùtánà rẹ̀, ó mú agogo, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. Tẹjúmádé ni. Sùtánà wà lọ́rùn rẹ̀, kò wọ bàtà. Ilẹ̀ tutù bí yìnyín, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn ọ̀nà jíjìn. Kò sí òjò wínníwínní, kò sí odò. Ó ń tiro.

Bàbá rẹ̀ kò dúró dè é, kò sì sáré fi í sílẹ̀. Wọ́n rìn bẹ́ẹ̀ kọjá àwọn alágbàdo, kọjá róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ ní oríta, tó ń tàn pupa. Nígbà tó yá, láìwẹ̀yìn, Akínwándé sọ̀rọ̀.

"Àfọ́kù ìgò wà níwájú yẹn. Gba ọ̀dọ̀ mi."

Ó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bàbá kò pè é ní "Ìyá mi". Ìyẹn ṣì jìnnà, bóyá ó ju gbogbo Berea lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wo Párísì, ẹ wò ó. Fíìmù kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sẹ́ ilé yín kó tó gbà yín kò ní ibì kankan tó ń mú yín lọ. Ọjọ́ tí ìgò bá wà lójú ọ̀nà, obìnrin etí odò kò ní yọjú láti inú fíìmù kó sọ fún yín. Ẹni tí ẹ pè ní wèrè ni yóò sọ ọ́.