Káàdì Ìgbemọ Tó Paradà Lórí Ìkúnlẹ̀

Nígbà tí Adéfúnkẹ́ fi àtàǹpàkò ra káàdì náà, àwọ̀ wúrà rẹ̀ wá mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn Ọjà Ọba, ní Adó-Èkìtì, àwọn tó wá ṣeré káàdì sún mọ́ ọn láti wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe eré káàdì náà: orúkọ ìlú Èkìtì ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì fi pàṣípààrọ̀ kó wọn pé ló borí. Káàdì Ìgbemọ, tó ní àwòrán òkìtì ìrẹsì aláwọ̀ wúrà, ló ṣọ̀wọ́n jù. Èyí tí ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìtùnúolúwa, gbé wá yìí, ayédèrú ni.

Wéré, wọ́n ti ń pe ọmọbìnrin náà lólè. Alàgbà Adéyẹyè, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá, mi orí pé ó ṣeni láàánú. Àwọn alábòójútó eré náà ní bí wọn kò bá rí ẹlòmíràn mú kí ìpàdé tó kàn tó pé, àwọn yóò lé Ìtùnú, àwọn yóò sì kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọkàn Adéfúnkẹ́ bàjẹ́. Eré tí òun ṣe ló fẹ́ ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ yìí.

Ó pe Ìtùnú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ta lo bá ṣe pàṣípààrọ̀?”

“Kò sí, àǹtí. Bàbá nìkan ló ní àwọn fẹ́ wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà.”

“Ṣé o yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí wọ́n dá a padà?”

“Báwo ni mo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò? Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà.”

Ọ̀rọ̀ náà yé Adéfúnkẹ́ wàyí. Òun ló fi òfin ìkúnlẹ̀ yẹn sínú eré náà: ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì gba káàdì lọ́wọ́ àgbà, kí ẹ̀kọ́ ilé má baà parun. Ẹni tó bá sì kúnlẹ̀ fún àgbà, ilẹ̀ ló ń wò. Ta ló jẹ́ tú ohun tí àgbà fún un wò níṣojú rẹ̀? Ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún ọ̀wọ̀ ni olè gbà wọlé.

Ó lọ sílé Bàbá. Bàbá gbàdúrà fún un títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tọrọ àforíjì fún ohun tí kò tíì sọ. Bó ti dárúkọ Ìgbemọ báyìí, Bàbá rántí pé òun ní ìpàdé ìjọ, ó gun ọ̀kadà, ó di àwátì.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè. Ní ìpàdé tó kàn, Adéfúnkẹ́ mú ojúlówó Ìgbemọ kan dání. Wọ̀bìà kò jẹ́ kí Bàbá jìnnà sí i. Ó ní kí Adéfúnkẹ́ jẹ́ kí òun wò ó, ó yìn ín, ó sì nà án padà. Adéfúnkẹ́ kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò tẹ orí ba. Ọrùn ọwọ́ Bàbá ló tẹjú mọ́.

“Kí lò ń wò lọ́wọ́ mi? Ṣé uwà tí wọ́n kọ́ ọ ní ulé rè é?”

Ojú ti Adéfúnkẹ́ bí ẹni tó bú bàbá tó bí i. Síbẹ̀ kò gbójú kúrò. Bàbá dìde láti máa lọ, ni Adéfúnkẹ́ bá di apá agbádá rẹ̀ mú. Àwọn èèyàn ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ojúlówó káàdì náà já bọ́ láti inú apá aṣọ, nígbà tí ayédèrú ṣì wà lọ́wọ́ Bàbá.

Lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, Bàbá jẹ́wọ́ pé òun ń tẹ ayédèrú, òun sì ń ta ojúlówó fún àwọn tó ń kó káàdì jọ.

“Ẹ̀yin lẹ̀ ń kúnlẹ̀,” ló wí. “Ẹnikẹ́ni nínú yín kò wò mí rí.”

Wọ́n bá ojúlówó káàdì Ìtùnú nínú àpótí Bàbá. Níwájú gbogbo èèyàn, Adéfúnkẹ́ bẹ ọmọbìnrin náà, ó sì dá nǹkan rẹ̀ padà fún un. Ìtùnú sunkún ayọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kí ó tó dìde, ó fi àtàǹpàkò ra òkìtì ìrẹsì náà, ó sì yẹ ìka rẹ̀ wò dáadáa. Inú Adéfúnkẹ́ dùn, ó sì tún dùn ún.

Lẹ́yìn náà ni Ìtùnú tó sọ pé, “Ẹ ṣé, àǹtí.”