Ohùn Tí Efe Fẹ́ràn

Kí Efe tó rí ojú Tẹjúmọ́lá ló ti fẹ́ràn ohùn rẹ̀. Ó ń jó irin géètì ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ní Àpápá GRA nígbà tí ọmọbìnrin náà ń ka ìkéde: "Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, ẹ fetí sílẹ̀." Efe pa ẹ̀rọ, ó fetí sílẹ̀. Nígbà tí ìsìn parí, ó dúró dè é.

"Àǹtí, ẹ bá mi kéde orúkọ tèmi náà, nǹkan mi kan sọnù."

"Kí lẹ sọ nù?"

"Ọkàn mi ni."

Tẹjúmọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi délé.

Kò pẹ́ tí ìyá Efe, ní Ajégúnlẹ̀, fi ń pè é ní ìyàwó mi. Bàbá Tẹjúmọ́lá ní tirẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò tọ́mọ fún wẹ́dà. Inú bí Tẹjúmọ́lá. Ó ń wá iṣẹ́ kún iṣẹ́ kó lè kúrò nílé bàbá rẹ̀, ni Martins bá dé.

Martins ń ṣiṣẹ́ fún aṣojú orílẹ̀-èdè òkèèrè kan tó ń bá orílẹ̀-èdè mìíràn du èbúté Àpápá. Ó fún un ní ìwé kan pé kó kà á sórí Wasáàpù kó gba owó: ilé-iṣẹ́ orílẹ̀-èdè kejì náà ń po májèlé mọ́ ìrẹsì. Tẹjúmọ́lá kò béèrè ẹ̀rí. Ó tilẹ̀ fi "Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n" ti ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó lè dùn létí. Àwọn tó gbọ́ ọ rò pé ìjọ ló sọ ọ́.

Efe ti sọ fún un pé òun ríṣẹ́ òrùlé nílé ìkẹ́rùsí kan ní Coconut, nítòsí èbúté. Kò bi í pé ti ta ni.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, èrò tó gbọ́ ìkéde náà ya wọ ilé ìkẹ́rùsí ọ̀hún; ti ilé-iṣẹ́ ìrẹsì náà ni. Wọ́n fi irin fọ́ orí Azubuike, ọ̀rẹ́ Efe. Ibẹ̀ ló kú sí. Wọ́n wọ́ Efe jáde, wọ́n ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ níbi méjì. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé wẹ́dà lásán lòun. Ọ̀kan nínú wọn gbé fóònù sí i létí: "Hear am. Dem don announce una." Ohùn olólùfẹ́ rẹ̀ ni Efe gbọ́, bí wọ́n ti ń da epo pẹtiróòlù sí i lára. Àwọn sójà ló já a gbà.

Nígbà tí Tẹjúmọ́lá gbọ́, ó ka òmíràn ránṣẹ́ síbi gbogbo: "Irọ́ ni mo kà. Èmi Tẹjúmọ́lá ni." Martins halẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan fi òkúta fọ́ fèrèsé ilé bàbá rẹ̀. Ó forí lé Ajégúnlẹ̀.

Ìyá Efe dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹnu tó pa Azubuike ò ní sọ̀rọ̀ nínú ilé mi."

Efe dáhùn láti inú yàrá: "Mama, ẹ jẹ́ kó wọlé. Kó ṣáà má sọ̀rọ̀."

Ojoojúmọ́ ló ń wá. Ó ń wẹ ojú ọgbẹ́, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú ohun tí wọ́n fi di ọwọ́ Efe tó ṣẹ́, àwọn ìka kọ̀, wọn ò lè di nǹkan mú. Efe wò wọ́n títí, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Tẹjú, pè mí."

Ó mi orí.

"Pè mí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rù á ṣì bà mí."

"Efe mi."

Ara Efe gbọ̀n bí ẹni tí wọ́n tún gbé irin sókè sí. Ìyá rẹ̀ dìde. Efe mí kanlẹ̀, ó gbé ọwọ́ tí kò lè di nǹkan mú náà lé ọwọ́ Tẹjúmọ́lá.

"Tún mi pè," ló wí.