Ilé Kan Ló Kù Nínú Súwè

Kì í ṣe àlá, kì í sì í ṣe àhesọ àwọn ará Sángo. Ojú mi ló rí i, lọ́sàn-án gangan.

Nígbà Sáàpù ni, tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ tó kọjú sí wa ti kógbá sílé. Ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́. Ṣóbándé, tó ń ya àwòrán kàlẹ́ńdà fún wọn, fún wa ní àwòrán kan nígbà tí ibà pa Toyibat, ọmọ wa kan ṣoṣo. Ó fi ìyókù ọ̀dà kùn ún sára pákó: àwọn ọmọdé ń ṣeré súwè lórí iyẹ̀pẹ̀. Ọmọbìnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbójú sókè.

"Ọkàn rẹ̀ ti rìn lọ," mo ní.

Làtífátù, ìyàwó mi, mi orí. "Rárá o. Kò ní àpáàdì ni. Ta ní ń fọwọ́ òfo ṣe súwè?"

Ó mú àpáàdì pupa tí Toyibat fi ń ṣeré kúrò lójú fèrèsé, ó gbé e sábẹ́ àwòrán náà.

Nígbà tí a kírun Ásárì tán, àpáàdì ti kúrò níbẹ̀. Ó wà nínú àwòrán, nínú ilé àkọ́kọ́. Ọmọ náà ti dìde.

Mo sáré pe Ṣóbándé. Ó fi èékánná ha ọ̀dà náà. Ó ti gbẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ o."

"Ta wá ni?"

"Ẹ má bi mí. N ò ní ọ̀dà pupa rárá."

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yẹn ti ń gba ilé. Èyí tó bá gbà, àmì á wà nínú rẹ̀, pé ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Làtífátù sá ẹní Toyibat sóòrùn. Ó tún ń kọrin.

"Bàbá Toyibat, ilé kan ló kù!"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀.

"Tó bá gbà á ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò ṣeré lọ́mọdé ni? Tílé bá tán, kálukú á lọ bá ìyá rẹ̀."

Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, mo wo pákó náà. Gbogbo ilé ló ti ní àmì. Àyè ọmọ náà ṣófo. Àwọn yòókù kọjú sí ẹnu ọ̀nà wa.

Làtífátù ti ṣílẹ̀kùn gbayawu. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Mo dúró láàárín yàrá bí ọmọ tó ń retí ọdún.

Mo gbọ́ ọ lọ́dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ kan. Ó dúró. Ẹsẹ̀ kan náà.

"Bàbá Toyibat, ẹ sún," Làtífátù rọra wí. "Ilé ẹ̀ lẹ tẹ̀."

Mo wolẹ̀. Ìlà funfun ló yí mi ká.

Mo fẹsẹ̀ kan fò sẹ́yìn.